Ọmọ mi fẹ́ pónì tirẹ̀, kì í ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Ọmọ ní Kent

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹlẹ́yà. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń kọ́ ẹṣin gígùn ní ilé-ẹ̀kọ́ kan nítòsí wa níbí ní Kent, ní England, ní gbogbo Sátidé. Fúláàtì oníyàrá méjì là ń gbé. Mo rò pé ìyẹn á tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ńṣe ló tún wá le sí i. Pónì, ẹṣin kékeré yẹn, ló ń yà sára ìwé, pónì ló fi ń gbàdúrà alẹ́. Ó ní òun ò ṣe ọjọ́ìbí mọ́, òun ò fẹ́ fóònù, òun fúnra òun lòun á máa kó ìgbẹ́ ẹ̀. Bàbá ẹ̀ ní nǹkan òyìnbó ni. Ó ní, "Ta ló ra ẹṣin fún èmi nígbà tí mo wà ní Mushin?" Ọ̀rọ̀ ti di ariwo nílé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo wá rí ẹnì kan lórí Facebook tó fẹ́ fi pónì Shetland tọrẹ, lọ́fẹ̀ẹ́, fún ẹni tó bá lè tọ́jú ẹ̀. Ṣé kí n gbà á ni? Àbí kí n wí fún ọmọ náà pé kò ṣeé ṣe, kó sì tán síbẹ̀?

---

Bàbá Peckham

Fúláàtì oníyàrá méjì, pónì. Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti fọ àwo tó fi jẹun lánàá. Tó bá máa fi di ọmọ ọdún mọ́kànlá, nǹkan mìíràn ni yóò máa béèrè. Ẹ fi sílẹ̀, yóò rọlẹ̀.

---

Àǹtí Ibùjẹ

Ìyá ọmọ, ẹ má gba pónì ọ̀fẹ́ yẹn. Ọ̀dọ̀ ẹṣin ni mo ti ń jẹun ní Essex níbí, ojú mi sì ti rí ẹ̀ẹ̀mọ̀ tí ọ̀fẹ́ ń dá sílẹ̀. Nínú gbogbo owó tí pónì ń ná ni, iye tí wọ́n fi rà á ló kéré jù.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ fi tọrẹ. Ó lè jẹ́ pé ọmọ wọn ti ga jù ú lọ. Pónì Shetland kì í ga ju íǹṣì 42 lọ, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 107. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó bá lẹ́sẹ̀ gígùn díẹ̀ kò ní pẹ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ á fi máa wọ́lẹ̀ lórí ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ laminitis, èyí tí mo máa ń rí jù. Àrùn inú pátákò ni. Wọ́n dá àwọn pónì yìí mọ́ erékùṣù tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, tí koríko ò tó nǹkan. Ẹ wá kó wọn wá sí pápá Kent lóṣù kẹrin, níbi tí koríko ti tutù yọ̀yọ̀, tí ṣúgà inú ẹ̀ pọ̀. Wọ́n á sanra, pátákò á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, wọn ò ní lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tó bá ti ṣe é rí lè tún ṣe é nígbàkígbà. Ẹ ò ní lè dá a sílẹ̀ kó máa jẹ bó ṣe wù ú títí ayé ẹ̀, ayé ẹ̀ sì lè gùn dé ọgbọ̀n ọdún.

Owó tó kù rèé, kí bàbá ọmọ lè rí ohun tó máa kà. Alágbẹ̀dẹ pátákò, tí wọ́n ń pè ní farrier, máa ń wá ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, yálà pónì wọ bàtà irin tàbí kò wọ̀. (Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹ̀gbọ́n òun tó mọ irin lù á bá yín kan bàtà yẹn. Láti ọdún 1975 ni òfin ti wà níbí pé ẹni tó forúkọ sílẹ̀ nìkan ló lè ṣe é.) Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà, ti ọ̀fìnkìn ẹṣin àti ti tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń wo eyín ẹ̀ wà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ìgbẹ́ ẹ̀, wọ́n ń gbé e lọ yẹ̀ wò bóyá ẹyin aràn wà níbẹ̀. Ìbánigbófò ńkọ́? Koríko gbígbẹ ńkọ́? Ibi tó máa sùn ńkọ́? Ẹ bá ń gbé e síbi tí wọ́n ti ń bá ẹni tó ni ẹṣin tọ́jú ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ní apá ibi tí a wà yìí, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún pọ́ndọ̀n ni lóṣù. Ẹ bá ní ẹ̀yin fúnra yín á máa lọ bọ́ ọ, ó dín púpọ̀, àmọ́ àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ yín lẹ fi ń san ìyókù.

---

Ọmọ Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ẹ ń mú un le jù. Ọgbà ẹ̀yìnkùlé ńkọ́? Ẹran kékeré ni. Ní ilé bàbá mi, ewúrẹ́ méje ló wà lẹ́yìnkùlé, kò sẹ́ni tó gba ìwé-àṣẹ.

---

Àǹtí Ibùjẹ

Àbúrò, ẹgbẹ́ àwọn elẹ́ṣin ilẹ̀ Bírítéènì ní ẹṣin kan nílò ilẹ̀ éékà kan sí éékà kan àtààbọ̀. Ọgbà ẹ̀yìnkùlé Kent tó tóbi jù tí mo rí, aṣọ ló pọ̀ jù tí wọ́n lè sá síbẹ̀. Àti pé ẹṣin kì í dá gbé. Ẹ bá dá a sí nìkan, á máa ké, á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà títí ilẹ̀ á fi là. Ìyẹn ni pé pónì méjì lẹ fẹ́ rà yẹn.

---

Tísà Fẹ̀yìntì

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní Kent! Ṣé kò sẹ́ni tó rántí Kent Test, ìdánwò tí wọ́n fi ń yan ọmọ sí grammar school? Ìbẹ̀rẹ̀ Year 6, ọdún tó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n ń ṣe é. Owó pónì yẹn, ẹ fi san tísà ilé. Ọmọ tó bá wọ grammar school á ra ẹṣin fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

---

Bàbá Peckham

Tísà, ẹ ṣeun. Mo ti fẹ́ sọ ọ́.

---

Àǹtí Ibùjẹ

Ẹ jẹ́ kí n kó ohun tí ẹ ti ń sọ jọ ná, torí àpótí ìfiránṣẹ́ mi náà kún. Àwọn kan ní kí wọ́n rà á, ọmọ kì í ṣe ọmọdé lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan ní kí wọ́n kọ̀ jálẹ̀, kí ọmọ mọ̀ pé ohun gbogbo tó bá wu ni kọ́ là ń rí. Èyí tó pọ̀ jù ni àwọn tó ní Sátidé tó ń lọ yẹn ti tó, wákàtí kan lórí ẹṣin, kí ló tún kù?

Àwọn ẹ̀kẹta yìí ni mo fẹ́ bá jà. Kò tó, ọmọ náà ò sì purọ́. Ẹ lọ dúró ní ilé-ẹ̀kọ́ ẹṣin láàárọ̀ Sátidé. Ẹṣin tí ọmọ yín gùn ní aago mẹ́wàá, ọmọ ẹlòmíì á gùn ún ní mọ́kànlá. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òmíràn ni wọ́n máa fún un, torí ti tẹ́lẹ̀ ń tiro tàbí ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó wúwo díẹ̀. Ó dé, wọ́n ti di gàárì fún un. Ó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gba ìjánu lọ́wọ́ ẹ̀. Kò mọ ohun tí ẹran yẹn jẹ láàárọ̀, kò mọ ibi tó ti ń yún un. Gígùn kọ́ ni ọmọ yìí ń béèrè, ó ti ń gùn ná. Ẹran tó máa gbóhùn ẹ̀ kó gbórí sókè ló ń béèrè. Bí ẹ bá lóye ìyẹn, ẹ á rí i pé ó ṣeé fún un láìra nǹkan kan, mo sì ń bọ̀ wá sórí ẹ̀.

Ti Kent Test, ẹ̀yin Tísà, mi ò bá yín jiyàn pé kó kàwé. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n gba ẹṣin lọ́wọ́ ẹ̀ nítorí ìdánwò, ṣé ìwé yẹn lojú ẹ̀ á máa wà?

---

Ọmọ Ìlọrin

Ojútùú wà nílé o. Ẹ ra ẹṣin ní Ìlọrin. Ẹ̀gbọ́n mi mọ àwọn tó ń tà á, wọ́n á bá yín sìn ín. Tí ọmọ bá wálé nígbà ìsinmi, ẹṣin ẹ̀ ń dúró dè é. Owó oúnjẹ ẹ̀ lóṣù, ẹ ò ní mọ̀ pé ó jáde lápò yín.

---

Àǹtí Ibùjẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ti fowó ránṣẹ́ kọ́lé rí, ẹ dáhùn.

Ẹ̀rín kọ́ o. Ẹṣin tí olówó ẹ̀ wà lókè òkun, ẹni tó ń bọ́ ọ ló ni ín. Bí wọ́n bá fi ṣe háyà fún ìgbéyàwó lọ́sẹ̀ mẹ́ta léraléra, ta ló máa sọ fún yín? Bó bá kú, fọ́tò èwo ni wọ́n máa fi ránṣẹ́? Ọmọ náà á sì padà sí Kent lẹ́yìn ìsinmi, ohun tó ń sunkún lé lórí ò tíì kúrò nílẹ̀.

---

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Kí ẹ tó kọjá, mo fẹ́ kí bàbá ọmọ gbọ́ èyí, torí mo rí i níbì kan pé ó ní nǹkan òyìnbó ni. Nǹkan òyìnbó báwo? Ọjọ́ kẹta Iléyá, kó wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, kó wo Ojúde Ọba. Kó wo bí àwọn ìdílé Balógun ṣe ń wọlé lórí ẹṣin níwájú Awùjalẹ̀, tàgbà tèwe, obìnrin wà níbẹ̀, ọmọdé wà níbẹ̀.

---

Àǹtí Ibùjẹ

Òótọ́ ni, ó sì dùn mọ́ mi pé ẹ sọ ọ́. Ọ̀yọ́ Ilé ò dá di ńlá bẹ́ẹ̀. Pápá ọ̀dàn ni wọ́n wà, ẹṣin ló sì gbé ogun wọn káàkiri. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán. Láti apá àríwá ni wọ́n ti ń ra ọ̀pọ̀ ẹṣin yẹn. Bí wọ́n bá sì kó wọn wọnú igbó tó dí, eṣinṣin tsetse á kó àrùn bá wọn, wọ́n á máa kú. Ìdí nìyí tí agbára ẹlẹ́ṣin fi ń rọ bó bá ti ń sún mọ́ igbó. Ìlọrin fi ẹṣin wá títí dé Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, Ìbàdàn sì dá wọn padà níbẹ̀. Nítorí náà, nílẹ̀ wa, ẹni tó ní ẹṣin lẹ́yìn ilé ẹ̀ lówó lọ́wọ́, ó sì tún ní ẹni tó ń sáré kiri nítorí ẹ̀. Lóde òní náà, kì í ṣe gbogbo ìdílé tó gun ẹṣin lọ́jọ́ Ojúde Ọba ló ń bọ́ ẹṣin yípo ọdún. Àwọn kan ń háyà ni. Kò sí ìtìjú níbẹ̀! Àwọn àgbà gan-an mọ ìyàtọ̀ láàárín gígùn ẹṣin àti bíbọ́ ẹṣin.

Bí ó bá jẹ́ pé ohun tó ń ba bàbá ọmọ lẹ́rù ni pé ọmọ ẹ̀ nìkan ni aláwọ̀ dúdú láàárín wọn, ìyẹn kì í ṣe àròsọ, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Àmọ́ ẹ sọ fún un pé àwọn ẹṣin wà ní Brixton, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ebony Horse Club ni wọ́n ń pè é, ọdún 1996 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn ọmọ àdúgbò. Níbẹ̀ ni Khadijah Mellah ti kọ́ ẹṣin. Ní 2019, tòun ti ìborùn ẹ̀, ó gba Magnolia Cup, eré ìje ẹṣin àwọn obìnrin, ní Goodwood. Ìwọ̀nba oṣù díẹ̀ ló fi kọ́ ẹṣin eré ìje. Tirẹ̀ kọ́ ni ẹṣin tó gùn, kò sì ní pónì kankan nílé.

---

Nọ́ọ̀sì Leeds

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ owó. Èmi, ẹ̀ka pàjáwìrì nílé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tó jábọ́ láti orí ẹṣin tó sì fi orí gbálẹ̀, ẹ ò fẹ́ rí i. Ẹ ra kẹ̀kẹ́ fún un.

---

Àǹtí Ibùjẹ

Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, mi ò ní já yín nírọ́. Ẹṣin máa ń já ni sílẹ̀, á ta ni nípàá, á sì fi pátákò tẹ ni lẹ́sẹ̀ láìmọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Akoto (helmet) tó bá ti fi agbára gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sọ ọ́ nù, kì báà má là lójú. Kí wọ́n má ra àlòkù akoto láé, torí ẹ ò mọ ilẹ̀ tó ti gbá. Àmọ́ ohun tí ẹ sọ tún fi kún ìdí tí mi ò fi fẹ́ kí wọ́n gba pónì ọ̀fẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tó níwèé-àṣẹ káńsù ní olùkọ́ tó ń wò ó, ẹṣin wọn sì ti darúgbó nínú sùúrù. Pónì inú Facebook, ta ló mọ ohun tó ti kọ́?

---

Àǹtí Ibùjẹ

Ó dáa, mo ti ní mo ń bọ̀ wá sórí ẹ̀. Ọ̀nà méjì ni àwọn tí kò lówó ń gbà níbí. Èkínní, ẹni tó ní pónì tí ọmọ ẹ̀ ti dàgbà jù fún un á yá yín lò, ẹ̀yin á máa náwó lé e, òun ló ni ín síbẹ̀. Èkejì, ẹ̀ẹ́ bá ẹni tó ni ín pín in, kí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ jẹ́ tiyín, kí ẹ san ìwọ̀nba, kí ọmọ kó ìgbẹ́, kó bọ́ ọ, kó gẹ̀ ẹ́, kó gùn ún. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ọmọ mìíràn lẹ́yìn ẹ̀.

Ìkejì yìí ni èmi àti àbíkẹ́yìn mi ṣe. Pónì Welsh kékeré ni, irú èyí tí kì í ga ju sẹ̀ǹtímítà 122 lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìjà ti wá, torí àwọn tó ń polówó ẹ̀ kì í sọ ọ́. Ìdílé kẹta kan wà tí a jọ ń pín in. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo wa ni ọ̀rẹ́. Ó di oṣù kìíní, ilẹ̀ ń ṣú ní aago mẹ́rin, ẹrẹ̀ dé orúnkún, omi inú bàsíà di yìnyín, wọn ò yọjú mọ́. Wọ́n ṣì ń san owó o, wọ́n sì rò pé owó ló ń bọ́ ẹṣin. Ó wá di ìgbà tí inú ń run pónì náà, dókítà ẹranko dé lóru (ẹṣin kì í lè bì, nítorí náà inú rírun rẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fojú fo), owó dé, kálukú ní ọjọ́ òun kọ́. Oṣù mẹ́ta la fi fa ọ̀rọ̀ yẹn.

Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló ń san owó dókítà? Ta ló ń san farrier? Bí gàárì bá fàya ńkọ́? Ọjọ́ tí ọmọ yín bá ṣàìsàn, ta ló ń lọ bọ́ ọ? Ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ mélòó ni ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ fún èkejì kó tó jáwọ́?

---

Ọmọ Àkúrẹ́

Ẹ̀tàn ni yíyá. Ọmọ á fẹ́ràn ẹ̀ tán, ẹni tó ni ín á wá gbà á. Ó sàn kó má rí i rárá.

---

Àǹtí Ibùjẹ

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ tiwa nígbẹ̀yìn, olówó ẹ̀ tà á. Ọmọ mi sunkún títí ojú ẹ̀ wú. Àmọ́ ẹ rò ó, ká ní àwa la ni ín, àwa fúnra wa la ò bá tà á, torí ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ti gùn kọjá ikùn pónì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo pónì ọmọdé nìyẹn. Ọmọ ń dàgbà, pónì ò dàgbà mọ́. Ẹ bá ra èyí tó bá a mu lónìí, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ẹ̀yin náà lẹ máa jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì láti ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi fẹ́ ta ọ̀rẹ́ ẹ̀, àbí kí ẹ máa bọ́ méjì. Àwọn òbí tó ń rà á kì í ronú dé ibẹ̀. Ẹni tó yá a ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní, ó sì lè sọ fún ọmọ láti ọjọ́ kìíní.

Nǹkan kan tún wà. Òfin gan-an ò fi ìtọ́jú pónì lé ọmọ lọ́wọ́. Òfin ìtọ́jú ẹran ti ọdún 2006 ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ta ẹran fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, òbí tó ń tọ́ ọ ni òfin mọ̀ fún ìtọ́jú ẹ̀. Bí ebi bá pa á, ìyá ọmọ, ẹ̀yin ni wọ́n máa pè ní kóòtù.

---

Ìyá Ọmọ ní Kent

Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Mo ti sọ fún ẹni Facebook yẹn pé kó fún ẹlòmíì. Mo bi wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀ Sátidé bóyá ẹnì kan ń wá ẹni tó máa bá òun pín pónì. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀, pónì New Forest, ọmọ-ọmọ ẹ̀ ti lọ yunifásítì. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọkọ mi ní òun ò ní torí ẹṣin pẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun á kàn wa ọkọ̀ lọ wò ó lọ́jọ́ Jímọ̀, ṣùgbọ́n òun ò ṣèlérí. Kí ni kí n wò?

---

Tísà Fẹ̀yìntì

Ẹ wo ọjọ́ tí ìdánwò bọ́ sí.

---

Àǹtí Ibùjẹ

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti di gàárì sílẹ̀ dè yín. Ẹ ní kí wọ́n lọ mú un nínú pápá lójú yín. Pónì tó bá sá fún olówó ẹ̀ á sá fún ọmọ yín. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe nígbà tí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fọwọ́ tẹ òkè ọrùn ẹ̀. Bó bá le bí ẹni pé ọ̀rá ló dì síbẹ̀, ẹ béèrè bóyá ó ti ní laminitis rí. Ẹ ní kí wọ́n mú pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ wá. Gbogbo ẹṣin ló gbọ́dọ̀ ní i, ìwé àjẹsára wà nínú ẹ̀, nọ́ńbà ṣíìpù ara ẹ̀ náà sì wà níbẹ̀, ó ti di dandan ní England láti oṣù kẹwàá 2020. Ẹ béèrè ọjọ́ tí farrier wá kẹ́yìn. Kí ẹni tó ni ín tàbí ẹni tó máa ń gùn ún kọ́kọ́ gùn ún, kí ẹ wo bó ṣe ń dúró. Pónì New Forest lágbára ju Shetland lọ, ó sì ga jù ú, èyí dáa fún ọmọ tó ń dàgbà, àmọ́ kí olùkọ́ ẹ̀ bá yín wò ó bóyá kò tíì ga jù fún un.

Bàbá ọmọ lè máa bọ̀ ní Jímọ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀. Kó wọ bàtà òjò. Ọmọ náà ni kí ẹ má mú dání, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó. Bó bá ti fojú kan pónì yẹn, ẹ ò tún lè sọ pé rárá.

---

Bàbá Peckham

Sọ fún ọkọ yín pé kó má fọwọ́ kan an o. Mo mọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀.